Bíṣọ́ọ̀bù tí ó fi Eré Kọ́ Ọmọ ní Ìwé: Ìtàn Ìgbésí-ayé Jan Amos Comenius

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé, nígbà tí ìparí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ a máa múra eré sílẹ̀. Ọ̀kan yóò ṣe ọba, òmíràn yóò ṣe ìránṣẹ́, òmíràn yóò sì ṣe ìyá arúgbó. Àwọn òbí a wá jókòó, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì pàtẹ́wọ́. Bí eré bá parí, ohun gbogbo a padà sí bí ó ti wà rí, bí ẹni pé eré àná kì í ṣe ara ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlòmíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n gbà pé àkókò tí a fi múra rẹ̀ ti ṣòfò. Nítorí èyí ni ó ṣe yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́, gbọ́ ìtàn bíṣọ́ọ̀bù kan tí ó ti sùn ní ohun tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin yìí rí ìbànújẹ́ tí ó tó láti pa ẹ̀rín mọ́ ènìyàn lẹ́nu títí ayé, síbẹ̀ òun ni ó gba eré láàyè nínú ilé-ìwé, tí ó sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn tí ó kà á sí ohun ẹ̀gàn.

Orúkọ rẹ̀ ni Jan Amos Komenský, ṣùgbọ́n orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí jùlọ ni Comenius, èyí tí í ṣe orúkọ náà ní èdè Látìn. A bí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1592 ní ilẹ̀ Moravia, tí ó jẹ́ apá kan orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Inú Ìjọ Àwọn Ará ni a bí i sí. Ìjọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1457 láàrin àwọn tí ó di ẹ̀kọ́ Jan Hus mú, oníwàásù tí a dáná sun ní ọdún 1415 nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àwọn ará náà kò pọ̀, wọn kò sì lágbára lójú ayé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà, wọ́n sì ka ilé-ìwé sí ọ̀wọ́n tí ó gbé ìjọ ró.

Ìyà tètè bá ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1602. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ìyá rẹ̀ fi kú pẹ̀lú, ikú sì mú àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì lọ. Àwọn tí ó gbà á tọ́ kò ka ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ó tó wọ ilé-ìwé Látìn ní ìlú Přerov ní ọdún 1608. Láàrin àwọn ọmọ kéékèèké ni ó jókòó, ó sì ti dàgbà tó láti mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ó rí i bí a ti ń fi òfin èdè kún orí àwọn ọmọ ní èdè tí wọn kò gbọ́, tí a sì ń fi pàṣán ṣe àlàyé ohun tí ẹnu olùkọ́ kò lè là yé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a lo ọdún púpọ̀ nídìí Látìn láìlè dárúkọ àwọn ohun tí ó wà nínú ilé ní èdè náà. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di òǹkọ̀wé, ó fi ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wé ibi tí a ti ń pa ọkàn ọmọ bí ẹni pa ẹran. Ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó jẹun ni ó mọ̀ bí oúnjẹ náà ti rí. Ìdádúró tí ó bá Comenius ni ó la ojú rẹ̀.

Láti Přerov ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Herborn, àti lẹ́yìn náà ní Heidelberg, ní ilẹ̀ Jámánì. Ó padà sí Přerov ní ọdún 1614 láti ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé tí ó ti kọ́ ọ, a sì fi í jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1616. Ní ọdún 1618 a rán an lọ sí Fulnek láti ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ àti olórí ilé-ìwé. Ó ti gbé ìyàwó, Ọlọ́run sì ti fún wọn ní ọmọ. Bí ayé bá dúró bẹ́ẹ̀, bóyá a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú náà.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1618 kan náà ni ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní àárín Yúróòpù, ogun tí ó jà fún ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1620 a ṣẹ́gun àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ náà ní Òkè Funfun lẹ́bàá ìlú Prague, láti ìgbà náà ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn àlùfáà wọn kiri. Àwọn ọmọ-ogun kó Fulnek ní ọdún 1621, Comenius sì sá pamọ́. Ní ọdún 1622 àjàkálẹ̀ àrùn pa ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e a dáná sun àwọn ìwé rẹ̀ ní gbangba ìlú. Ọdún méje ni ó fi ń sá láti ibìkan dé ibìkan lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, títí ó fi di ọdún 1628, tí òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ará fi kọjá sí ìlú Leszno ní ilẹ̀ Pólándì. Kò tún fi ojú kan ilé mọ́ láti gbé ibẹ̀ títí ó fi kú.

Ohun tí ó ṣe ní ilẹ̀ àjèjì ni ó yẹ kí a kíyèsí. Àwọn ẹlòmíràn nínú àwọn tí a lé jáde ń wọ̀nà fún ọmọ-ogun tí yóò dá wọn padà sílé. Comenius náà ń retí ìpadàbọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ. Ó gbà pé bí a bá fẹ́ tún ilẹ̀ tí ogun ti bàjẹ́ ṣe, inú ilé-ìwé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé Leszno, ó sì ń kọ̀wé ní òru. Ní ọdún 1631 ó tẹ ìwé kan jáde fún kíkọ́ èdè Látìn, tí ó pè ní Janua Linguarum Reserata, èyí ni, Ilẹ̀kùn Èdè tí a ṣí sílẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti inú òfin èdè. Láti inú àwọn ohun tí ó wà láyé ni ó ti bẹ̀rẹ̀: iná, omi, igi, ẹranko, ara ènìyàn, iṣẹ́ ọwọ́, ilé àti ìlú. Ìwé náà tàn ká Yúróòpù, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀.

Ní Leszno náà ni ó ti kọ́kọ́ gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé sórí ìtàgé. Ní ọdún 1640 wọ́n ṣe eré tí ó kọ nípa Diogenes, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì tí kò ka ọrọ̀ sí. Ní ọdún 1641 wọ́n ṣe èkejì nípa Ábúráhámù baba ńlá. A lè mọ ìdí tí ó fi yan ìtàn Ábúráhámù. Àwọn ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ti fi ilẹ̀ wọn, àwọn ará wọn àti ilé baba wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe ìrìn-àjò baba ńlá náà, ìrìn-àjò ti ilé wọn ni wọ́n ń ṣe.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀kọ́ pè é sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1641, ṣùgbọ́n ìjà tí ó wà láàrin ọba àti ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ète wọn yọrí. Ní ọdún 1642 ó lọ sí Swídìn, ó sì bá wọn ṣe iṣẹ́ kíkọ ìwé fún ilé-ìwé fún ọdún díẹ̀. Ó padà sí Leszno ní ọdún 1648, nígbà tí a fi í ṣe olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àwọn Ará. Ní ọdún náà ìyàwó rẹ̀ kejì kú, a sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà tí ó parí ogun ọgbọ̀n ọdún. Nínú ìwé náà, a kò fún àwọn Ará láàyè láti padà sílé. Ẹni tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù di olùṣọ́ agbo tí kò ní pápá mọ́.

Nínú ipò yìí ni ìpè dé láti Sárospatak, ní ilẹ̀ Họ́ngárì, láti ọ̀dọ̀ Ọmọ-ọba Zsigmond Rákóczi àti ìyá rẹ̀, Zsuzsanna Lorántffy, pé kí ó wá tún ilé-ìwé wọn ṣe. Ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1650. Ète rẹ̀ ni láti dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ tí yóò ní kíláàsì méje, tí ọmọ yóò máa gòkè láti inú ọ̀kan dé òmíràn. Mẹ́ta péré ni ó lè ṣí. Àwọn ọmọ náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá sì kọ́ sórí a máa ṣá lọ. Àwọn olùkọ́ mìíràn kò fẹ́ràn àṣà tuntun. Ọmọ-ọba tí ó pè é kú ní ọdún 1652, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó kù láti ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn.

Níbẹ̀ ni Comenius ti ronú pé kí òun sọ ìwé Ilẹ̀kùn Èdè di eré, kí àwọn ọmọ má baà kàn ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n dìde, kí wọ́n gbé e wọ̀ bí aṣọ. Nígbà tí ó mú àbá náà jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ takò ó. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín nítorí èyí, nítorí àwíjàre wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn eré tí ilé-ìwé mọ̀ nígbà náà ni àwọn eré àtijọ́ ti Róòmù, nínú èyí tí panṣágà àti ẹ̀tàn pọ̀ sí. Wọ́n bẹ̀rù pé ìtàgé yóò sọ àwọn ọmọ di aláwàdà, yóò gba àkókò ẹ̀kọ́, yóò sì tàbùkù sí ilé-ìwé tí a dá sílẹ̀ láti tọ́ àwọn oníwàásù. Comenius pàápàá kórìíra ìwà àìmọ́ tí ó wà nínú àwọn eré àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí omi kànga bá dọ̀tí, a kì í torí èyí sọ pé kí ọmọ má mu omi mọ́; a ó gbẹ́ kànga mìíràn ni.

Kànga tí ó gbẹ́ ni eré mẹ́jọ tí ó pe orúkọ wọn lápapọ̀ ní Schola Ludus, èyí ni, Ilé-ìwé tí í ṣe Eré. Ní èdè Látìn, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe eré tí a sì fi ń pe ilé-ìwé ọmọdé. Ohun tí ẹnu àwọn ará Róòmù ti so pọ̀ ni ó fẹ́ kí àwọn olùkọ́ so pọ̀. Nínú àwọn eré náà Ọba Ptolemy jókòó pẹ̀lú àwọn ọlọ́gbọ́n rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ ohun gbogbo tí ó wà láyé ní ẹsẹẹsẹ. Àwọn ọmọ a sì máa jáde wá síwájú ọba lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run yóò sọ ọ́, ẹni tí ó ní ti òkúta àti ohun ọ̀gbìn yóò mú un wá, yóò dárúkọ rẹ̀, yóò sì sọ ìlò rẹ̀. Eré kìn-ín-ní wà fún ohun tí Ọlọ́run dá sáyé, èkejì fún ara àti ọkàn ènìyàn, ẹ̀kẹta fún iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kẹrin fún ilé-ìwé kékeré, ìkarùn-ún fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀kẹfà fún ìwà rere, èkeje fún ilé àti ìlú, ẹ̀kẹjọ fún ìjọba àti ìsìn.

Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn adùn nínú wọn kò ní rí i. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni ó pọ̀ jù nínú wọn, kò sì sí ìdìtẹ̀ tàbí ìfẹ́ àti owú tí yóò mú olùwòran di àga mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ó wà lórí ìtàgé. Ipò pọ̀ nínú àwọn eré náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ fi ní ipa tirẹ̀, ó sì di dandan kí olúkúlùkù mọ ohun tí yóò sọ, kí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó gbé ojú sókè, kí ó sì sọ ọ́ kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́. Ọmọ tí ó gbé ohun èlò àgbẹ̀ lọ́wọ́ tí ó sì ń fi han ọba kò tún ní béèrè ohun tí orúkọ náà dúró fún. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ti wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Comenius fi kún un pé àfojúbà pàápàá kò tó àfọwọ́ṣe.

Eré kìn-ín-ní ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lójú Ìyáàfin Lorántffy. Ohun tí ó rí wù ú dé ibi pé ó fẹ́ kí a sọ ìyókù ìwé náà di eré pẹ̀lú, Comenius sì kọ wọ́n, àwọn ọmọ sì ṣe wọ́n. Àwọn tí ó ti takò ó rí i pé àwọn ọmọ tí ó ti ń sùn nídìí ìwé ti jí.

Ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Ó ní ọmọ a máa rántí ohun tí ó ṣe àti ohun tí ó rí ju ohun tí ó gbọ́ lásán lọ. Ó ní bí ọmọ bá mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń bọ̀ wá wo òun, yóò kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìsí pàṣán. Inú àwọn òbí a máa dùn láti rí èso owó tí wọ́n ná. Olùkọ́ yóò mọ ẹ̀bùn tí ó wà nínú ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ó sì rí ọmọ tálákà tí ó ní làákàyè, kí a lè ràn án lọ́wọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ayé tí ọmọ ń lọ sí jẹ́ ayé ọ̀rọ̀ sísọ àti iṣẹ́ ṣíṣe láàrin ènìyàn. Bí kò bá kọ́ ọ ní ilé-ìwé láti dúró, láti rìn, láti dáhùn, àti láti pa ìtìjú tì, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Ní ọdún 1654 ó padà sí Leszno. Ìdààmú tí ó kù kò pẹ́ dé. Ọba Swídìn gbógun ti Pólándì ní ọdún 1655; Comenius, tí ó rò pé ìrànlọ́wọ́ ti dé fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kọ ìwé ìyìn sí ọba náà. Àṣìṣe ni, àwọn ará Leszno sì jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1656 àwọn ọmọ-ogun Pólándì dáná sun ìlú náà. Ilé rẹ̀ jóná, àti àwọn ìwé rẹ̀, àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ èdè Czech tí ó ti ń kọ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1656 kan náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Sárospatak tẹ àwọn eré mẹ́jọ náà jáde. Iná jẹ iṣẹ́ ogójì ọdún tí ó wà nínú àpótí. Iṣẹ́ ọdún díẹ̀ tí ó ti fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, iná kò rí i jẹ.

Ìlú Amsterdam ní ilẹ̀ Họ́láńdì ni ó ti lo ọdún tí ó kù. Níbẹ̀ ni a ti tẹ àkójọpọ̀ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní ọdún 1657, pẹ̀lú àwọn eré náà. Ní ọdún 1658 a tẹ Orbis Pictus jáde ní Nuremberg, ìwé alá̀wòrán fún ọmọdé tí ó ti kọ ní Sárospatak, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni tí yóò fín àwòrán rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìran ọmọ Yúróòpù ni ó fi ìwé yìí kọ́ ẹ̀kọ́. Ó sùn ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1670, a sì sin ín sí Naarden. Ìjọ tí ó ṣe bíṣọ́ọ̀bù fún kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún rú jáde ní ilẹ̀ Jámánì láti ọdún 1722, ọmọ-ọmọ rẹ̀, Daniel Ernst Jablonski, ni ó sì fi bíṣọ́ọ̀bù kìn-ín-ní ìjọ tí a sọ jí náà jẹ oyè ní ọdún 1735. Àwọn Ará wọ̀nyí ni John Wesley, àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, bá pàdé nínú ọkọ̀ ojú-omi, tí ìgbàgbọ́ wọn nígbà ìjì sì yà á lẹ́nu.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ìyá wa ti ń pa àlọ́ fún ọmọ, tí ọmọ ń gbe orin rẹ̀, tí ó sì ń di ìjàpá tàbí erin fún ìwọ̀nba àkókò kan. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ báyìí kò kúrò lára wa di òní. Ohun tí Comenius fi hàn ni pé ilé-ìwé lè gba ọ̀nà yìí láìtàbùkù sí ara rẹ̀, bí olùkọ́ bá yan ohun tí ó mọ́, tí ó sì fún ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ní ipa tí yóò sọ. Ẹ má ṣe fi eré dúró di ìparí ọdún. Ẹ̀kọ́ ìtàn ilẹ̀, ẹ̀kọ́ ọjà títà pẹ̀lú ìṣirò, ìtàn inú Bíbélì, gbogbo wọn ni ó ní ènìyàn nínú, níbi tí ènìyàn bá sì wà, ọmọ lè dìde láti ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè Czech, ọjọ́ tí a bí Comenius, ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ni wọ́n fi ń bu ọlá fún gbogbo olùkọ́ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí a ti lé e jáde ni ó ń ṣe èyí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ wa lára àwọn ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ wa wà lẹ́yìn wa bẹ́ẹ̀.